Galactica tàbí Babylon 5: Èwo Ni Kí Ará Abuja Fowó Rà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí ní Kubwa àti Lugbe pé èwo ni kí ẹ rà nínú eré tẹlifíṣọ̀n ológun inú òfurufú méjì yìí, bí owó yín bá tó ẹyọ kan ṣoṣo, Battlestar Galactica ni. Lójú tèmi, Babylon 5 jinlẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ sùúrù ló gbà, wọn kì í sì í ta ìyẹn ní ọjà Wuse.

Galactica ti 2003 sí 2009 ni mò ń wí o, kì í ṣe ti 1978. Fíìmù oníwákàtí mẹ́ta ti 2003 ló ṣáájú; ẹ rí i dájú pé ó wà nínú páálí tí ẹ fẹ́ rà, torí ibẹ̀ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí ọmọ èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló padà wá pa wọ́n run. Galactica, ọkọ̀ ogun inú òfurufú, yè é torí pé ọ̀gá rẹ̀, Adama, kò gbà kí wọ́n so àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ náà pọ̀ mọ́ra. Tẹlifóònù oníwáyà ni wọ́n ṣì ń lò. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, tí èèyàn 42 wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà àwọn tó lè jẹ ààrẹ, ló wá di ààrẹ.

Ìpín tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ “33”. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 33 ni ọ̀tá ń dé, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sùn gbẹ̀yìn. Ojú gbogbo wọn ti pọ́n. Ààrẹ ń pa iye èèyàn tó ṣẹ́ kù rẹ́ lórí pátákó funfun, ó ń kọ òmíràn. Ẹni tó bá dàgbà ní bárékè á dá àwọn èèyàn yìí mọ̀: Tigh, igbákejì ọ̀gá tí kì í gbé ìgò sílẹ̀, àti olórí mẹkáníìkì tó ń pọn ọtí tirẹ̀. Mámí máàkẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù! Àmọ́ ẹ má wò ó lójú ọmọdé.

Babylon 5 (1994 sí 1998) jẹ́ ìpín 110 ní sísìnì márùn-ún, ìtàn kan ṣoṣo nípa ibùdó kan nínú òfurufú. J. Michael Straczynski, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀, nìkan kọ 92 nínú wọn. Sísìnì kìíní ń rìn bí ìgbín, nígbà tó sì di ìkejì, wọ́n pààrọ̀ ọ̀gá ibùdó. Ọ̀pọ̀ ló ń sá níbẹ̀. Ẹ ní sùúrù dé ìkẹta, nígbà tí ààrẹ Ayé kéde òfin ológun tó sì ju bọ́ǹbù sí Mars, tí àwọn sójà ibùdó ní láti mọ ẹni tí wọn yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ rántí orin sójà lórí rédíò ní kùtùkùtù, ẹ máa jókòó tì í. Ti G'Kar àti Londo, aṣojú ẹ̀yà méjì láti ayé mìíràn, tún wà ńbẹ̀: ẹ̀yà ti Londo ti fi ẹ̀yà ti G'Kar ṣe ẹrú rí. Ta ni kí n tún ṣàlàyé ìyẹn fún ní Nàìjíríà?

DVD Babylon 5 kò dùn-ún wò. Wọ́n gé àwòrán ogun náà kó lè fẹ̀, ló bá ṣú. Blu-ray (àwo tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ) ti 2023 ló dá a padà sí bó ṣe rí.

Eré mìíràn irú wọn, Space: Above and Beyond (1995 sí 1996), dára, àmọ́ sísìnì kan péré ni, wọ́n sì dá a dúró nígbà tí ìtàn ń gbóná.

Ní ti dátà, bí ẹ bá fẹ́ wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wákàtí kan ń jẹ bíi 1GB bí àwòrán kò bá mọ́ púpọ̀, 3GB bó bá mọ́ kedere. Babylon 5 sún mọ́ 80 wákàtí. Ẹ ṣírò ẹ̀. Àwo ni mo fara mọ́, bí ínfátà yín bá lágbára.

Ẹ ṣọ́ra o: DVD ní nọ́ńbà agbègbè; ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ 2, ti Amẹ́ríkà 1, ti Nàìjíríà 5, ẹ̀rọ mìíràn kì í gba ti ẹlòmíràn. Ní ti Blu-ray, àwa àti Lọ́ńdọ̀nù jọ wà ní agbègbè B ni, Amẹ́ríkà wà ní A. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni kí ẹ bẹ̀ pé kó bá yín ra Blu-ray, kì í ṣe ti Houston. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra PS4 àlòkù (ẹ̀rọ géèmù tó ń gba Blu-ray) láti fi wò ó, ẹ gbé àwo dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. “Àbúrò, bá mi fi èyí sí i ná.” Bó bá ní, “Kò sí wàhálà, ẹ sanwó kẹ́ ẹ máa lọ,” ẹ ní kó kọ́kọ́ tan tẹlifíṣọ̀n.