Ẹ̀rọ ìlọ kafé tí mo rà ní Ouando: ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n ṣí i lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa ẹ̀rọ ìlọ kafé tó ń lo iná yẹn, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa kà á. Ilé ìtajà kan lẹ́bàá ọjà Ouando níbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti rà á, 40 000 fàráǹkì ni wọ́n kọ́kọ́ pè, a ná an títí ó fi já sí 32 000. Orúkọ tó wà lára páálí ẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan jàre, ẹ̀rọ kan náà ló tò sórí àtẹ tí wọ́n lẹ orúkọ oríṣiríṣi mọ́ lára, tẹ́ ẹ bá tú u, inú wọn ò yàtọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni pé kó jẹ́ ọlọ ló wà nínú ẹ̀, kó má jẹ́ abẹ. Èyí tó ní abẹ, tó jẹ́ pé orí ẹ̀ lẹ máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, kò wọ́n rárá, ṣùgbọ́n ṣe ló máa ń gé hóró kafé káàkiri, apá kan á ti di lẹ́búlẹ́bú kí apá kejì tó là sí méjì, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ara ẹ̀ á gbóná, kafé inú ẹ̀ náà á gbóná. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ata gbígbẹ. Eléyìí tí mò ń wí ní ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ, irin ni méjèèjì, ọmọ ọlọ ló ń yí láàárín, ìyá ọlọ dúró sójú kan ó yí i ká, hóró á máa bọ́ sí àlàfo àárín wọn, bẹ́ ẹ ṣe bá sún wọn mọ́ra tó ni kafé yín ṣe máa kúnná tó. Ago òkè tẹ́ ẹ ń da hóró sí náà lẹ máa yí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kúnná sí i tàbí kó má kúnná tó bẹ́ẹ̀.

Ó ń lọ̀ ọ́ dáadáa, mi ò lẹ́jọ́ lórí ìyẹn. Fún ẹni tó ń fi asẹ́ sẹ́ kafé tàbí tó ń sè é nínú ìkòkò kékeré àwọn ará Ítálì yẹn, ó ti tó. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ẹ̀sípúrẹ́sò (èyí tó ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú kafé) nílé kó má wulẹ̀ dà á láàmú, kì í kúnná débẹ̀. Ó máa ń pariwo o! Tí ọmọ bá ń sùn nílé, ẹ ti yàrá kẹ́ ẹ tó tan án.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ju èyí tí mo ti lò tẹ́lẹ̀ lọ ni pé ọwọ́ lásán ni mo fi ń tú u. Èèyàn lè máa rò pé ìyẹn ò tó nǹkan, àmọ́ kafé tí wọ́n ti yan, ó lóróró nínú. Oríṣi kafé tí wọ́n ń pè ní arábíkà lóróró ju oríṣi rọ̀búsítà tiwa àti ti Tógò àti Côte d'Ivoire lọ, ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí wọ́n bá ti yan títí tó fi dúdú kirikiri, òróró ẹ̀ á ti yọ síta, ẹ máa rí i tó ń dán. Òróró yẹn á lẹ̀ mọ́ eyín ọlọ, lẹ́búlẹ́bú á lẹ̀ mọ́ òróró, tó bá pẹ́ níbẹ̀ á kàsì, kafé tuntun tẹ́ ẹ fowó gidi rà á wá máa gba àárín èyí tó ti kàsì kọjá lójoojúmọ́, ẹ̀yin á wá máa bú ẹni tó ta kafé fún yín pé ayédèrú ló tà. Nígbà tí mo ṣí tèmi lẹ́yìn tí mo ti lò ó fún bí oṣù kan, mo bá nǹkan pupa rúsúrúsú kan tó dì gbagidi sí ìdí eyín ìyá ọlọ, èékánná ò lè yọ ọ́, ó ń rùn fìn-ìn. Bẹ́ẹ̀, lójú òde, ẹ̀rọ ọ̀hún ń dán gbinrin.

Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé màá jẹ́ kó lọ gbogbo hóró tó kù nínú ẹ̀ tán, màá yọ wáyà kúrò lára iná (ẹ yọ ọ́ o, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn pa bọ́tìnì, ìka ọwọ́ yín lẹ máa tì bọ àárín ọlọ), màá yí ago òkè kúrò, màá wá fa ìyá ọlọ sókè, ó ń yọ wọ́rọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó gbẹ tí a ò lò mọ́ ni mo fi ń gbo eyín ọlọ méjèèjì, ibi tó bá dì, igi tín-ín-rín tí wọ́n fi ń ta eyín ló ń yọ ọ́. Lẹ́búlẹ́bú tó bá wọ ìsàlẹ̀, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, ojú yín ló máa bọ́ sí, itọ́ yín á sì rin ín. Rọ́bà róbótó tí àwọn ìyá ń fi fa ikun nímú ọmọ, ẹ ra ọ̀kan ní fámásì, ẹ máa fi í fẹ́ atẹ́gùn síbẹ̀. Kò sí ohun tó ṣiṣẹ́ tó o! Ago òkè àti ike ìsàlẹ̀ nìkan ni mo ń fi omi àti ọṣẹ fọ̀, wọ́n á sì gbẹ kí n tó dá wọn padà. Omi ò gbọdọ̀ kan ọlọ, l'Ájàṣẹ́ tó wà létí ọ̀sà yìí, tí ìṣó lásán ń dípẹtà lára ògiri.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ da ìrẹsì sí i kó gbo inú ẹ̀. Ẹ má dán an wò. Kafé tí wọ́n ti yan rọrùn láti fọ́, ìrẹsì tí a ò tíì sè le jù ú lọ, ẹ́ńjìnnì kékeré yìí á máa kérora, ìyẹ̀fun ìrẹsì á sì tún kù síbẹ̀ tẹ́ ẹ máa wá ọ̀nà láti kó. Wọ́n ní hóró kan tí wọ́n dìídì fi ọkà ṣe fún iṣẹ́ yìí lókè òkun, mi ò rí i lọ́jà wa. Kafé tó ti pẹ́ nílé ni mo ń lò, ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀, màá lọ̀ ọ́ màá dà á nù. Ẹni tó bá ti gbé àgbàdo dé ilé ẹ̀rọ lẹ́yìn ẹni tó lọ ata, tí ẹlẹ́rọ ò fi nǹkan ṣan ẹnu ẹ̀rọ kó tó da tiẹ̀ sí i, ẹ bi í bí ògì ẹ̀ ṣe rí.

Torí náà ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé kafé nìkan ló ń wọbẹ̀. Tiwa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gbé ẹ̀gúsí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ rí, mo sáré dé bá a ni. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl máa ń fi ẹ̀ẹ̀rù sí kafé tiwọn, kafé Touba ni wọ́n ń pè é, ó sì ń ta sánsán, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀, ẹ gún ẹ̀ẹ̀rù yẹn nínú odó lọ́tọ̀.

Àléébù ẹ̀ wà o. Igun kan wà níbi tí kafé ń gbà jáde tó máa ń dí, ibẹ̀ ni mo ń fi igi ṣá lóòrèkóòrè. Nígbà ọyẹ́, lẹ́búlẹ́bú á máa fò lẹ̀ mọ́ ara ike, á tún dà sórí tábìlì, ẹ kàn ki ìdí ṣíbí bọ omi, ẹ fi ro hóró kafé kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́, ẹ̀kán omi kan péré, á dín kù gan-an. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó kúnná sí i, ìgbà tó bá ń yí lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ yí ago, torí tó bá dúró tí hóró wà láàárín ọlọ, ó lè há. Ìwé tó wà nínú páálí ò sọ ọ̀kankan nínú èyí, wọ́n ní ká fi aṣọ nu ara ẹ̀, ó parí.

Ẹ̀yin tí èèyàn yín fẹ́ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ìdí ẹ̀ dáadáa, fóòtì 120 ni iná tiwọn, fóòtì 220 ni tiwa, ẹ má jẹ́ kó jó mọ́ yín lọ́wọ́. Ti Èkó máa ṣiṣẹ́ níbí, àmọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun ẹ̀ ò lè wọ ihò róbótó tiwa, ẹ máa ra àdápítọ̀ mọ́ ọn.

Tẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ ní kí ọmọkùnrin tó ń tà á fọwọ́ yọ ìyá ọlọ síta. Tó bá ní irin lòun máa fi tú u, ẹ kọjá síwájú. Ẹ sì wò ó bóyá rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ago òkè wà níbẹ̀, torí mo béèrè bóyá wọ́n ń tà á lọ́tọ̀, ó ní àfi kí n ra ẹ̀rọ mìíràn.