Dishonored 2: agbára, fàdákà àti eruku ìlú Karnaca

Ẹni tó bá ń wá géèmù tí yóò kàn máa yìnbọn lọ láìronú, kó má fowó ra Dishonored 2. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí ìwà ìbàjẹ́ ṣe ń ti ààfin ṣàn wá títí yóò fi dé inú ẹ̀dọ̀fóró awakùsà, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti gbá a parí léraléra, n kò sì tíì rí géèmù míì tó sọ ọ̀rọ̀ agbára dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Arkane Studios tó wà ní Lyon, ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é, Bethesda Softworks sì gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. Ti àkọ́kọ́ ti jáde ní 2012, ìlú Dunwall tí àjàkálẹ̀ àrùn eku ń pa run ni ìtàn rẹ̀ ti wáyé. Nínú ìkejì yìí, ọdún 15 ti kọjá, Emily Kaldwin tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti di ọbabìnrin. Lọ́jọ́ ìrántí ikú ìyá rẹ̀ ni Duke Luca Abele, olórí erékùṣù Serkonos, mú àjẹ́ kan tó ń jẹ́ Delilah wọ ààfin. Delilah ní ọmọ bàbá kan náà lòun àti ìyá Emily, pé òun ló nítẹ̀ẹ́. Ẹ ó yan ẹni tí ẹ fẹ́ fi gbá géèmù náà, Emily tàbí Corvo Attano bàbá rẹ̀. Ẹni tí ẹ kò bá yàn yóò di òkúta.

Emily ni kí ẹ mú. Agbára rẹ̀ dùn ún lò lóòótọ́, pàápàá Domino, tó ń so àyànmọ́ àwọn ènìyàn pọ̀ débi pé ohun tó bá ṣe ọ̀kan yóò ṣe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ọbabìnrin tí iṣẹ́ ìjọba ti sú ni, ìgbà tó pàdánù adé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nígboro Karnaca, olú ìlú Serkonos, tó rí ohun tí wọ́n ń fi orúkọ ìjọba rẹ̀ ṣe.

Karnaca gan-an lọ́rọ̀ wà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Shindaerey ló ń yí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ìlú. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń gbé eruku ibi ìwakùsà fàdákà da sórí àdúgbò Batista. Duke ní kí wọ́n máa wa fàdákà sí i, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jayé bí ikún tó ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, eruku ń bo ilé àwọn tó ń wa á. Bí ìjì eruku bá dé, ẹ̀ṣọ́ kò ní rí yín, ẹ ó yọ́ kọjá. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rò ó pé ìyà àdúgbò náà ni mo fi ń sá pamọ́.

Ọ̀rọ̀ ìpànìyàn ni mo fẹ́ràn jù. Òkú tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni àwọn eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ń yé sí lára, bí òkú bá ti pọ̀ tó ni ìlú ń bàjẹ́ tó. Kì í sì í ṣe pé gbogbo ikú dọ́gba. Ohun abàmì kan tí wọ́n ń pè ní Ọkàn wà lọ́wọ́ yín tó ń sọ àṣírí ẹni tí ẹ bá nà án sí. Pípa ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ń da ìlú rú ju pípa apànìyàn lọ. Ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà di ẹnì kan tó ní ìtàn.

Ẹ wo ti Kirin Jindosh, onímọ̀ ẹ̀rọ tí Duke ń lò. Ilé rẹ̀ ń yí padà bí ẹ bá fa ọ̀pá kan: ògiri á ṣí, ilẹ̀ á gbéra, yàrá kan á di òmíràn, ẹ sì lè yọ́ wọ ẹ̀yìn ògiri kó tó padé. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó tó èyí nínú géèmù náà. Ẹ lè pa Jindosh. Ẹ sì lè dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, kí ẹ fi iná mànàmáná pa ọpọlọ rẹ̀, kó jí láì lè ronú ohun tó máa ń ronú tẹ́lẹ̀. Géèmù náà ka èyí sí ọ̀nà tí kò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò lè pè é ní àánú. Ẹni tó ń lé aláṣejù kiri ìlú ti gba agbára láti pinnu bí ọpọlọ ẹlòmíì yóò ṣe rí, kò sì sí adájọ́ tó bi í léèrè.

Nílé Aramis Stilton, ọlọ́lá tó ti wa kùsà rí, ẹ ó máa rìn láàárín òní àti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ẹ bá lù ú dákú nígbà àtijọ́ kó má baà rí ohun tó yí i lórí, ilé tó ti wó yóò dúró pa dà lójú yín. N kò ní sọ ohun míì tó ń yí padà níbẹ̀. Nígbà tó bá kan Duke fúnra rẹ̀, ẹnì kan wà láàfin tó jọ ọ́ bí ìbejì. Ẹ lè bá a ṣàdéhùn kó gorí àga, kí wọ́n sì gbé Duke gidi lọ bíi wèrè. Inú mi dùn sí i, ó sì ń dà mí láàmú, torí ará ìlú kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ olórí wọn.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni òpin. Wọ́n fi sùúrù kọ́ Karnaca, wọ́n wá sáré parí ìjà pẹ̀lú Delilah ní Dunwall. Ìyà tó jẹ ẹ́ ní kékeré tó ohun tí a lè fi iṣẹ́ kan odindi sọ, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á fún kọ̀ǹpútà tún ṣàròyé pé ó ń fà. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí i lẹ́yìn náà.

Ẹ gbá ti 2012 kí ẹ tó fọwọ́ kan èyí, àìṣe bẹ́ẹ̀ ẹ kò ní mọ ohun tí Emily ń gbé lọ́kàn. Ní ìgbà kejì, ẹ kọ agbára tí Outsider, ẹ̀dá abàmì tó ń fúnni lágbára nínú géèmù náà, bá fi lọ̀ yín, kí ẹ fi ọwọ́ lásán àti idà kọjá ìlú náà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ bí ògiri Karnaca ṣe ga tó.