Kámẹ́rà IMX462 fún yíya pílánẹ́ẹ̀tì: ojú rẹ̀ mú, àyè rẹ̀ kéré

Kámẹ́rà kékeré aláwọ̀ tí wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ (ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀) IMX462 ti Sony ṣe ni mò ń sọ níbí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, sẹ́ńsọ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Ara awò awọ̀nàjíjìn Maksutov (irú èyí tó ní lẹ́ńsì níwájú, tó sì ní dígí nínú) tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 127, tí gígùn fókọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1500, ni mo ti lò ó. Fún Júpítà àti Sátọ̀n, ó tó owó ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya òṣùpá tiwa lódidi, kó yáa wá òmíràn: gbogbo ojú rẹ̀ ò gbà tó ìdajì ìbú òṣùpá.

Fídíò là ń fi í yà, torí afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan. AutoStakkert, ètò orí kọ̀ǹpútà, ló máa ṣa fréèmù (ẹyọ àwòrán inú fídíò) tó mọ́ jù, tá á sì tò wọ́n léra. Ẹ dín ojú àwòrán kù sí píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 640 × 480, ẹ yan RAW8 (àwòrán tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe) àti fáìlì fídíò SER. Fún Júpítà, kí fréèmù kọ̀ọ̀kan gba ìmọ́lẹ̀ fún mìlísẹ́kọ́ńdì 5 sí 8, kí ẹ wá máa gbé gain (bí kámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ tó gbà lágbára) sókè títí histogram (àtẹ tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ àwòrán ṣe pọ̀ tó hàn) á fi dé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100. Fréèmù 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ò ni ín lára rárá. Ẹ má jẹ́ kí fídíò kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, nítorí kò tó wákàtí mẹ́wàá tí Júpítà fi ń yí ara rẹ̀ po. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó wà lójú Júpítà á ti fà.

Fídíò ìṣẹ́jú méjì báyìí á gbà tó gígábáìtì 4.4. Bí fréèmù bá ń já sọnù, ẹ má tíì dá kámẹ́rà lẹ́bi. Ẹ wò ó bóyá ojú USB 2.0 lẹ tì í bọ̀, tàbí háàdì dísìkì onírin tó ń yí lẹ ń kó o sí. SSD, dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí, ló dára jù fún un.

Barlow, lẹ́ńsì tó ń sọ àwòrán di ńlá, wá ńkọ́? Nọ́ńbà f awò (gígùn fókọ́ọ̀sì tí a fi ìbú ẹnu rẹ̀ pín) ló yẹ kó sún mọ́ ìlọ́po márùn-ún píksẹ́lì. Píksẹ́lì kámẹ́rà yìí jẹ́ máíkírómítà 2.9, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, f/14.5 ló bọ́ sí. Maksutov yìí ti wà ní f/12 tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá ki Barlow 2x sí i, ó di f/24: ìmọ́lẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin, àwòrán á tóbi, kò sì ní sí ohun tuntun nínú rẹ̀. Ẹni tó ní awò Newton (onídígí) f/5 ló nílò Barlow, 3x ló sì bá a mu.

Sẹ́ńsọ̀ yìí ń rí infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ò lè rí, gan-an ni. Bí dígí iwájú rẹ̀ bá jẹ́ dígí lásán, ẹ fi fílítà UV/IR cut (tó ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí) sí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àwọ̀ Júpítà á dàrú. Àmọ́ èrè wà níbẹ̀: pẹ̀lú fílítà 850 (tó ń jẹ́ kí infrared nìkan kọjá), píksẹ́lì pupa, ewé àti búlúù ń ríran bákan náà, afẹ́fẹ́ ò sì dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ihò ojú òṣùpá máa ń hàn ketekete.

Ibi tó ti máa ń dánni lágara ni fókọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá ti yí kókó fókọ́ọ̀sì Maksutov, dígí inú rẹ̀ á yẹ̀ díẹ̀, Júpítà á sì fò kúrò nínú 640 × 480. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ pátá, 1936 × 1096, ẹ tún un ṣe níbẹ̀, kí ẹ tó gé e kù. Àwọn òṣùpá Júpítà ni kí ẹ máa wò bí ẹ ṣe ń tún un ṣe, ẹ má wo Júpítà fúnra rẹ̀. Ganymede á di róbótó kékeré tó tó píksẹ́lì mẹ́rin. Callisto lè jìnnà débi pé kò ní sí nínú àwòrán rárá. Ti Sátọ̀n yàtọ̀: òṣùpá rẹ̀ ṣókùnkùn ju òun lọ fíìfíì, nítorí náà fídíò méjì lẹ máa yà, ọ̀kan fún òrùka, ọ̀kan tó gba ìmọ́lẹ̀ pẹ́ fún àwọn òṣùpá, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀.

Wáyà USB 3.0 nípọn, ó sì máa ń le sí i bí òtútù bá mú. Ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ awò, kó má baà máa fa kámẹ́rà.