Ìfiwéra: ọ̀nà mẹ́rin tí a lè gbà de pánẹ́ẹ̀lì sólà mọ́ orí ọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí ẹ bá lọ béèrè iye tí wọ́n máa fi ṣe sólà sórí bọ́ọ̀sì yín, iye pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti ínfátà ni wọ́n máa kà fún yín. Ohun tí yóò mú pánẹ́ẹ̀lì ọ̀hún dúró nígbà tí ẹ bá ń fi eré bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ sí Ṣágámù kì í sábà sí nínú ìwé. Bí ẹ bá tún béèrè, wọ́n á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, a máa bá yín lẹ̀ ẹ́." Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti dá ọ̀rọ̀ dúró. Lójú tèmi, ẹni tó ra pánẹ́ẹ̀lì olówó kékeré tó sì dè é dáadáa gbọ́n ju ẹni tó ra èyí tó dára jù tó wá fi gọ́ọ̀mù lásán mú un.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ jẹun ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tó ń gbé sípíkà kékeré àti máíkì lọ sóde ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tó ń fi fíríjì ta ohun mímu tútù fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlíṣàn àti Àgọ́-Ìwòyè, ayàwòrán tí kò fẹ́ kí bátìrì kámẹ́rà kú mọ́ òun lọ́wọ́ níwájú àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Pánẹ́ẹ̀lì 200W méjì máa ń tó irú wọn. Ẹyọ kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ọkọ̀ lè mú nǹkan bíi 600 sí 700 Wh (watt-hour, ìwọ̀n iná tí a rí tàbí tí a lò) wá lójúmọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Fíríjì kékeré oní-12V ń jẹ bíi 300 sí 500. Àwọn tó ní sípíkà tó ga ju ènìyàn lọ, ẹ máa bá jẹnẹrétọ̀ yín lọ ní tiyín.

Atẹ́gùn la ń bá jà

Pánẹ́ẹ̀lì 200W gùn tó mítà kan ààbọ̀, ó sì fẹ̀ tó bíi 70 cm. Òun fúnra rẹ̀ wọ̀n bíi kílò 10 sí 12, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń rò pé ìwúwo rẹ̀ á mú un jókòó. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 60 km ní wákàtí kan, atẹ́gùn tó rí abẹ́ rẹ̀ wọ̀ lè fi agbára bíi kílò 17 gbé e sókè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé 120, kì í ṣe 34 ló máa dà o, nǹkan bíi 68 ni, torí bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára atẹ́gùn á di ìlọ́po mẹ́rin. Etí iwájú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ìjì ṣe ń ti etí ṣí páànù ilé. Ẹ wá ro ti tírélà tó ń fẹ́ yín ní atẹ́gùn bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

| Ọ̀nà | Lójú márosẹ̀ | Omi òjò | Owó ìdè |
|---|---|---|---|
| Káríà alumíníọ̀mù tó há mọ́ gọ́tà ọkọ̀ | Ó fọkàn balẹ̀ jù | Ihò wáyà nìkan | Ó wọ́n jù |
| Férémù irin tí wẹ́dà ṣe | Ó lágbára, ó wúwo | Bí wọ́n bá jó o mọ́ ọkọ̀, ẹ múra de ìpẹtà | Kò wọ́n |
| Bùrákẹ́ẹ̀tì àti gọ́ọ̀mù | Ọwọ́ ọ̀dà ọkọ̀ yín ló wà | Ihò wáyà nìkan | Àárín méjì |
| Pánẹ́ẹ̀lì rírọ̀ tí wọ́n lẹ̀ | Atẹ́gùn kò rí abẹ́ rẹ̀ | Ihò wáyà nìkan | Pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì kì í pẹ́ |

Káríà tó há mọ́ gọ́tà

Toyota HiAce tí gbogbo wa ń pè ní Hummer bus ní gọ́tà tín-ínrín lọ́tùn-ún lósì orí rẹ̀, níbi tí omi òjò ń gbà ṣàn. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ káríà ń há mọ́. Ẹnikẹ́ni ò lu ihò, ẹnikẹ́ni ò lẹ nǹkan kan. Ọ̀pá alumíníọ̀mù mẹ́ta á dábùú orí ọkọ̀, pánẹ́ẹ̀lì á jókòó lé wọn, bóòtì sítéńlẹ́ẹ̀sì á sì gba inú ihò tí ilé-iṣẹ́ ti lù sí férémù pánẹ́ẹ̀lì tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀gá kan bá gbé dírílì pé òun fẹ́ lu òmíràn sí férémù náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: gíláàsì lè là, gàràǹtí sì ti lọ nìyẹn.

Bí ti òkèèrè bá wọ́n jù, àwọn tó ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù lè bá yín gé ọ̀pá rẹ̀. Ẹ kàn yẹ ohun tí wọ́n fẹ́ lò wò dáadáa, torí alumíníọ̀mù wíńdò fẹ́lẹ́, ó sì máa ń tẹ̀. Páìpù onígun mẹ́rin tí ara rẹ̀ nípọn tó 3 mm ni kí ẹ béèrè. Ẹsẹ̀ tó ń há mọ́ gọ́tà ní tirẹ̀, ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni rọ ọ́. Ẹ ra èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe, mẹ́fà fún pánẹ́ẹ̀lì méjì. Kí wọ́n tún fi alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ kan dí iwájú, kó dà sẹ́yìn díẹ̀, kí atẹ́gùn lè gba òkè kọjá.

Sienna kò ní gọ́tà, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní irin gbọọrọ méjì lórí tí ọ̀pá ìdábùú lè há mọ́. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó rà á: ohun tí orí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré lè gbé kì í ju kílò 50 sí 100 lọ, ọ̀pá, ẹsẹ̀ àti pánẹ́ẹ̀lì sì wà nínú rẹ̀. Àpò gàrí àti ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ti ń dì sókè tẹ́lẹ̀, inú búùtù ni wọ́n máa wà báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀nà yìí ni pé lọ́jọ́ tí ẹ bá ta bọ́ọ̀sì, ẹ ó tú káríà yín, ẹ ó sì gbé e sórí èyí tí ẹ bá rà.

Férémù wẹ́dà

Wẹ́dà ló sún mọ́ wa jù. Á gé áńgù-áyọ̀n, á jó o pọ̀, ó sì máa ń jọ ohun tí ìjì ò lè mì. Àléébù rẹ̀ ni ìwúwo. Áńgù-áyọ̀n 40 mm tó nípọn 3 mm fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 2 ní mítà kan. Férémù tó bá gba mítà 12 ti lé ní kílò 20 kí a tó gbé pánẹ́ẹ̀lì kankan sí i. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni alumíníọ̀mù tó tóbi bákan náà máa wọ̀n. Bọ́ọ̀sì gíga tó rù tó bẹ́ẹ̀ lórí máa ń sọ fún dẹ́rẹ́bà ní kọ́nà.

Èyí tí mi ò fọwọ́ sí rárá ni kí wọ́n jó férémù mọ́ orí ọkọ̀ tààrà. Iná á jó ọ̀dà lókè, á jó aṣọ òrùlé nínú, kí òjò ọdún yẹn tó dá, ìpẹtà ti jẹ ibẹ̀. Bí wẹ́dà bá sì máa fọwọ́ kan ara ọkọ̀ fún ohunkóhun, kí rìwáyà kọ́kọ́ tú orí bátìrì, kí iná má baà ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́. Férémù tí wọ́n jó nílẹ̀, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà, tí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ gọ́tà dè, ìyẹn bójú mu. Ká sòótọ́, káríà ni ìyẹn náà ti dà.

Bùrákẹ́ẹ̀tì àti gọ́ọ̀mù

Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń tà jù, òun náà ni wọ́n ń bà jẹ́ jù. Wọ́n á fi bóòtì de bùrákẹ́ẹ̀tì alumíníọ̀mù mẹ́rin tàbí mẹ́fà mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, wọ́n á wá lẹ ẹsẹ̀ wọn mọ́ orí ọkọ̀. Gọ́ọ̀mù tó wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń lẹ ara bọ́ọ̀sì ní ilé-iṣẹ́, bíi Sikaflex-252. Sílíkọ́nì tí wọ́n fi ń dí ojú wíńdò kọ́, sùpágúlù kọ́, four minutes, gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tó ń tètè gan, náà kọ́.

Gọ́ọ̀mù yìí kì í gan lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un gan, láti etí wọ inú, bíi 3 sí 4 mm láàárín wákàtí 24. Ẹsẹ̀ bùrákẹ́ẹ̀tì tó bá fẹ̀ tó 4 cm á gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kí àárín rẹ̀ tó gan. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ tó ní kí ẹ máa gbé e lọ sí Èkó lálẹ́, owó yín nìkan ló ń wò.

Ibi tó ti ń já gan-an kì í ṣe ara gọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì wa ni wọ́n ti kùn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, òmíràn ní bọ́dì fílà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó ti tẹ̀ wọnú, lábẹ́ ọ̀dà. Gọ́ọ̀mù á di ọ̀dà mú gírígírí, ọ̀dà náà ni kò di irin mú. Bí atẹ́gùn bá fà á, gbogbo rẹ̀ á bó wá pọ̀, bùrákẹ́ẹ̀tì, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà. Ẹ wá mágínẹ́ẹ̀tì, kódà ti inú sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kó má ha ọ̀dà, kí ẹ máa gbé e káàkiri ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa jókòó. Ibi tó bá ti fà á wọ̀ọ̀, irin wà nítòsí. Ibi tó bá ti ń yọ̀ bọ́rọ́, fílà ló wà níbẹ̀. Ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ọn àfi tí wọ́n bá ha á dé irin, tí wọ́n sì kùn ún ní páímà.

Ojú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí wọ́n fi sáńpépà fẹ́lẹ́ ha á díẹ̀, kí wọ́n sì fi sípírítì nù ún. Nígbà òjò, abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ni kí wọ́n ti ṣe é. Bí wọ́n bá tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo gọ́ọ̀mù fi tú síta, wọ́n ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ó yẹ kó ṣẹ́ kù tó 2 sí 3 mm láàárín, kó lè máa fà díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n.

Pánẹ́ẹ̀lì rírọ̀

Ó fúyẹ́: 100W rẹ̀ wọ̀n bíi kílò 2, ti gíláàsì ń lọ sí 6 tàbí 7. Ó máa ń tẹ̀ lé ibi tí orí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí. Olè kò lè tú u láìba a jẹ́. Ooru ló ń pa á. Kò sí àyè lábẹ́ rẹ̀ tí atẹ́gùn lè gbà tù ú, orí ọkọ̀ ní oòrùn ọ̀sán ilẹ̀ wa sì lè gbé e kọjá 70°C. Bí ooru bá ti ju 25°C lọ, dígírì kọ̀ọ̀kan ń jẹ bíi 0.3 sí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún agbára pánẹ́ẹ̀lì, ti gíláàsì àti rírọ̀ bákan náà. Èyí tó lẹ̀ mọ́ páànù ló ń gbóná jù. Ti gíláàsì máa ń ní gàràǹtí agbára ọdún 25. Rírọ̀ tó bá lo ọdún márùn-ún lórí ọkọ̀ ti gbìyànjú. Bí ó bá sì kú, ẹ ó máa fi ọ̀bẹ ha á kúrò.

Olè, àti ẹ̀rọ tó ń gbé pánẹ́ẹ̀lì dìde

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ ra bóòtì tí sípánà lásán ò lè tú, ó kéré tán méjì fún pánẹ́ẹ̀lì kan. Bí ẹ ò bá rí i rà, ibi tí four minutes ti wúlò nìyí: ẹ fi dí ojú bóòtì kan ní pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n tún máa fẹ́ ta férémù tó ń gbé pánẹ́ẹ̀lì dìde kó lè kọjú sí oòrùn. Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, kò tó dígírì 7 sí àríwá rẹ̀, oòrùn wa sì ń gba òkè orí kọjá. Ohun tí ẹ máa jèrè níbẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì tún ń ṣílẹ̀kùn fún atẹ́gùn.

Èwo ni kí ẹ rà?

Hummer bus tàbí danfo tó ń gba márosẹ̀: káríà gọ́tà, mi ò ní èrò kejì. Sienna tó ní irin lórí: ọ̀pá ìdábùú, pánẹ́ẹ̀lì kan péré. Ọkọ̀ tí kò ní gọ́tà tí kò ní irin, tí mágínẹ́ẹ̀tì sì dì mọ́ orí rẹ̀ dáadáa: bùrákẹ́ẹ̀tì mẹ́fà àti gọ́ọ̀mù, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan ìsinmi. Rírọ̀ wà fún ẹni tí orí ọkọ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, tó sì mọ̀ pé òun máa tún un rà.

Kí ẹ tó san ìyókù owó, ẹ gun àkàbà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di etí iwájú pánẹ́ẹ̀lì mú, kí ẹ sì mì í tagbáratagbára. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló yẹ kó máa mì. Bí pánẹ́ẹ̀lì nìkan bá ń mì, iṣẹ́ ò tíì parí. Kí gbogbo nọ́ọ̀tì jẹ́ èyí tó ní rọ́bà nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kútẹ̀ pupa fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara férémù. Lẹ́yìn bíi 100 km àkọ́kọ́, ẹ gòkè lọ wò ó. Ìlà tó bá ti yà sí méjì ń sọ nọ́ọ̀tì tó ti ń tú. Kí wáyà má sì máa jùfẹ̀ẹ́ lórí ọkọ̀: kí wọ́n dè é mọ́ ọ̀pá, kí ihò tó gbà wọlé ní rọ́bà àti ìdérí, kí fúúsì wà nítòsí bátìrì. Kí orúkọ gọ́ọ̀mù, irú bóòtì àti iye ẹsẹ̀ káríà wà nínú ríṣíìtì, nítorí ohun tí ẹ máa fi bá wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn bí nǹkan bá yẹ̀.