Kíìtì máńdólíìnì olójú pẹlẹbẹ: ohun tó wà nínú páálí rẹ̀ àti iṣẹ́ tó kù sí yín lọ́wọ́

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe máńdólíìnì, ohun èlò orin olókùn tó kéré ju gìtá lọ, fún ìgbà àkọ́kọ́, olójú pẹlẹbẹ ni kó mú. Èyí tí ojú rẹ̀ yọ kébé bíi ti fáólìnì, láti ara pákó tó nípọn ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́ níbi tó yẹ, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ ti mọ iṣẹ́ náà dáadáa kó tó lè ṣe é. Ti pẹlẹbẹ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: pákó méjì tó tẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n tẹ̀, ọrùn kan, okùn mẹ́jọ. Ní 1918 ni ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Army-Navy, tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ ogun. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Flatiron ní ìlú Bozeman, ní ìpínlẹ̀ Montana, jí àwòṣe náà dìde, Gibson sì ra Flatiron fúnra rẹ̀ ní 1987. Ara òpó yìí ni ọ̀pọ̀ kíìtì olójú pẹlẹbẹ (àkópọ̀ ẹ̀yà tí ẹni tó rà á máa tò pọ̀ fúnra rẹ̀) tó wà lọ́jà báyìí ti yọ.

Kì í ṣe ọjà ilé iṣẹ́ kan pàtó la gbé yẹ̀ wò níbí. Irú kíìtì náà la ń sọ: èyí tí wọ́n ti tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti la ojú fúrẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dábùú ọrùn) sí, tí wọ́n sì ti gbẹ́ ọrùn rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ó tó owó tí wọ́n ń dá lé e. Àmọ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà: kíìtì gba iṣẹ́ tó nira fún ọwọ́ kúrò lọ́rùn yín, ó sì fi iṣẹ́ tó nira fún ojú sílẹ̀ fún yín. Iṣẹ́ ojú náà kò ju méjì lọ, ìnípọn pákó ojú (pákó iwájú tí okùn ń gba orí rẹ̀ kọjá) pẹ̀lú igi ìdábùú abẹ́ rẹ̀, àti bí ọrùn ṣe dagun sí ara. Orí méjèèjì yìí ni máńdólíìnì ti ń dára tàbí kó bàjẹ́.

Bí páálí bá dé, pákó ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Igi sípúrúùsì gidi ló yẹ kó jẹ́. Ẹ wo etí pákó náà níbi tí wọ́n ti gé e: bí ìlà ara igi bá gba inú rẹ̀ já láti òkè dé ìsàlẹ̀, igi gidi ni. Bí ẹ bá rí ìpele mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, pílíwúùdù ni, ohùn rẹ̀ kò ní ṣí láé. Mahógánì tàbí mépù ló sábà máa ń jẹ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Mahógánì kò ṣàjèjì sí wa, ìdílé kan náà ni òun àti ọ̀gánwó, àwọn tó ń ṣe gìtá káàkiri ayé sì ń lo ọ̀gánwó gan-an. Bí ọrùn tó wà nínú páálí bá lọ́, ọ̀gánwó tó gbẹ dáadáa, tí ìlà rẹ̀ tọ́, lè rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ni ọrẹ tó tóbi jù nínú kíìtì. Pákó tó nípọn tó mílímítà 2 ni, a sì gbọ́dọ̀ fi páìpù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá kéré, á kán. Bí ó bá pọ̀ jù, á jóná. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ pàápàá kì í dúró sójú kan, ó máa ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Nítorí náà ẹ gé mọ́ọ̀dù láti ara pílíwúùdù mílímítà 18, ìpele méjì tàbí mẹ́ta lórí ara wọn, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ sínú rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ti ń lẹ búlọ́ọ̀kù orí àti ti ìdí (igi kékeré tó di ẹ̀gbẹ́ mú ní òkè àti ní ìsàlẹ̀) títí pákó ojú yóò fi lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ kíìtì kì í fi mọ́ọ̀dù sí i, ìwé ìtọ́nisọ́nà wọn á sì máa sọ pé páálí fúnra rẹ̀ tó. Kò tó. Ara tí kò bá dọ́gba lápá ọ̀tún àti òsì yóò jẹ́ kí ìlà àárín yà kúrò lábẹ́ okùn, ẹ ò sì ní rí i títí di ọjọ́ tí ẹ bá fa okùn sí i.

Fíńgábọ́ọ̀dù (pákó orí ọrùn tí ìka ń tẹ okùn mọ́) tí wọ́n ti là náà ń gba àkókò là, àmọ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n okùn tó wọ́pọ̀ jù láti nọ́ọ̀tì (ìdábùú kékeré tí okùn ń gbà kọjá ní òkè fíńgábọ́ọ̀dù) dé bíríìjì (igi tó gbé okùn dúró lórí pákó ojú) ni ínṣì 13 7/8, ìyẹn mílímítà 352.4. Ẹ fi 17.817, iye tí wọ́n fi ń ṣírò àyè fúrẹ́ẹ̀tì, pín in: 19.78 ni ibi tí fúrẹ́ẹ̀tì kìíní wà sí nọ́ọ̀tì. Ohun tó ṣẹ́kù, 332.6, ẹ tún fi 17.817 pín in, 18.67 ló máa wà láàrin ìkíní àti ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí fúrẹ́ẹ̀tì 12 yóò fi bọ́ sí 176.2 gẹ́lẹ́, ìdajì. Láti nọ́ọ̀tì ni kí ẹ ti máa wọn gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń wọ̀n láti orí ọ̀kan sí èkejì, àṣìṣe kékeré yóò máa kóra jọ. Ojú tí wọ́n là gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó bíi mílímítà 0.6. Bí ó bá há jù, fúrẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yóò máa ti igi síta, ọrùn á sì tẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá fi máa kan gbogbo wọn tán.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí pákó ojú. Pákó inú kíìtì sábà máa ń nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹni tó ń tà á kò fẹ́ kí ó fọ́ lọ́nà. Mílímítà 2.5 sí 3 la ń wá. Ẹ fi ìfági mímú tàbí sáńpépà lórí pákó títẹ́jú dín in kù, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n káàkiri, kì í ṣe ní etí nìkan. Igi ìdábùú abẹ́ rẹ̀ kì í tẹ́jú pátápátá: apá tó máa lẹ̀ mọ́ pákó yẹ kó yọ díẹ̀ láàárín, bíi mílímítà 1 lórí gígùn 250, kí ojú lè ní agbára lábẹ́ bíríìjì. Ìyọsókè kékeré yìí ni kì í jẹ́ kí máńdólíìnì pẹlẹbẹ rì.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta kíìtì kì í sì í ronú sí wa nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé wọn. Inú yàrá tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà láàrin 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti máa ń lẹ igi ìdábùú. L'Ékòó nígbà òjò, ó máa ń kọjá 80. Pákó tó ti mu ọ̀rinrin ti fẹ̀. Bí ẹ bá lẹ igi ìdábùú mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, tí ọyẹ́ wá dé, tàbí tí ẹ gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ń fi hítà mú gbóná ní London, pákó á fẹ́ sún kì, igi ìdábùú kò ní gbà fún un, ojú á sì là láti ibi àárín. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin. Ẹ kó pákó àti igi ìdábùú sínú yàrá tí éésì ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, inú yàrá náà sì ni kí ẹ ti lẹ̀ wọ́n.

Ní ti gúlù, ẹ má ṣe lo gúlù funfun tí wọ́n fi ń kan àga. Ó máa ń rọ̀ nínú ooru, ó sì ń yọ́ rìn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìfà tí kì í dáwọ́ dúró. Titebond Original tó ní àwọ̀ ìyeyè dára. Ẹ fi kíláǹpù dì í mú fún wákàtí kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi nǹkan fà á. Òun náà ń rọ̀ bí ooru bá pọ̀ gan-an, nítorí náà ohun èlò orin yín kò gbọdọ̀ sùn sínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn.

Igun ọrùn ló kàn. Kí gúlù tó kan án, ẹ to ọrùn sáyè rẹ̀ láìlẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi rúlà irin gígùn lé orí fíńgábọ́ọ̀dù kó nà dé ibi tí bíríìjì yóò dúró sí, kí ẹ sì wọn àlàfo tó wà lábẹ́ rúlà. Bí bíríìjì yóò bá ga tó mílímítà 16, tí okùn yóò sì ga tó mílímítà 1.5 lókè fúrẹ́ẹ̀tì 12, rúlà tó wà lórí fúrẹ́ẹ̀tì yẹ kó fi mílímítà 13 hàn. Bí fúrẹ́ẹ̀tì kò bá tíì sí níbẹ̀, bíi 12. Bí ẹ bá rí 8, bíríìjì yóò kúrú, okùn kò ní tẹ pákó mọ́lẹ̀ tó, ohùn á sì fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá rí 18, ìtẹ̀ náà á pọ̀ jù, ojú á rì láàrin oṣù díẹ̀.

Díẹ̀ lẹ óò há kúrò. Ká ní fúrẹ́ẹ̀tì 12 ni ọrùn ti pàdé ara, tí gìgísẹ̀ ọrùn (ìdí ọrùn tó lẹ̀ mọ́ ara) sì jìn tó mílímítà 35: mílímítà 0.2 péré tí ẹ bá há kúrò ní ìsàlẹ̀ gìgísẹ̀ yóò gbé rúlà sókè ní mílímítà 1 níbi bíríìjì. Bí ẹ bá fẹ́ kó wálẹ̀, ẹ há apá òkè, lábẹ́ fíńgábọ́ọ̀dù. Ẹ máa há, kí ẹ máa wọ̀n. Ṣísẹ́ẹ̀lì tí kò mú ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju ohunkóhun lọ.

Irin inú páálí ni kíìtì ti ń ṣe ahun. Píìgì, èyí tí a fi ń yí okùn le, máa ń wà ní mẹ́rin-mẹ́rin lórí irin kan, ihò wọn sì fi mílímítà 23 jìnnà síra. Bí ihò tí wọ́n lu sí orí ọrùn bá yà ní ìdajì mílímítà, píìgì á máa lé. Ẹ má ṣe fi agbára yí i, ẹ fi fáìlì yíká fẹ ihò náà. Tẹ́ẹ̀lípíìsì (irin ìdí ara tí okùn so mọ́) olówó pọ́ọ́kú máa ń gé okùn ní etí rẹ̀, ẹ fi fáìlì ra etí náà, kí ẹ sì fi aṣọ nípọn díẹ̀ sábẹ́ ìdérí kó má baà máa dún. Bíríìjì sì ni ohun kan tí a máa ní kí ẹ rà lọ́tọ̀, èyí tí ibi ìjókòó okùn rẹ̀ kò tò sójú kan: ti okùn G lẹ́yìn, ti D níwájú, ti A lẹ́yìn, ti E níwájú. Wọn kì í lẹ bíríìjì mọ́ ojú. Okùn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí náà ẹ tẹ́ sáńpépà sórí pákó ojú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ bíríìjì ra á títí yóò fi jókòó gbọingbọin. Bí ohùn okùn tí ẹ tẹ̀ ní fúrẹ́ẹ̀tì 12 bá ga ju ohùn rẹ̀ nígbà tí ẹ kàn fọwọ́ kàn án níbẹ̀ lásán, ẹ sún bíríìjì sẹ́yìn sí ìhà tẹ́ẹ̀lípíìsì. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ẹ sún un síwájú.

Ṣé kí èèyàn kúkú ra àwòrán ìwọ̀n nìkan? Bí ẹ bá ti ní páìpù ìtẹ̀gi, ayùn fúrẹ́ẹ̀tì àti ẹni tó lè bá yín fẹ́ pákó sí mílímítà 3, bẹ́ẹ̀ ni, owó tí yóò jáde kéré sí ti kíìtì. Bí ẹ kò bá ní wọn, owó irinṣẹ́ nìkan á ju ti kíìtì lọ. Ẹni tó sì ń ronú láti fi í ṣe orin bluegrass ti Amẹ́ríkà, níbi tí máńdólíìnì ti ń gbá bíi ìlù, kò ní gbádùn rẹ̀: ohùn olójú pẹlẹbẹ dùn, ó sì ń pẹ́ létí, ṣùgbọ́n kì í gé. Orin ìbílẹ̀ Ireland àti fífi tẹ̀lé ohùn akọrin ló bá a mu jù.

Okùn fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, 10 sí 34 (ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì ni wọ́n fi ń wọn ìnípọn okùn). Bí ẹ bá fà á dé G, D, A, E, gbogbo ìfà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jẹ́ bíi kílò 65. Èyí tó nípọn, 11 sí 40, ń fa bíi kílò 80, àwòṣe gbígbẹ́ ni wọ́n sábà ń fi í sí. Ẹ fa okùn náà dé ohùn kan sísàlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ tún fi rúlà wo ojú lábẹ́ bíríìjì kí ẹ tó fà á dé ibi tó yẹ.