Thunderbird Lórí Kọ̀ǹpútà Ilé: Àgbéyẹ̀wò Ẹni Tó Fi Í Rọ́pò Ètò Ímeèlì Windows

Bí ènìyàn bá tẹ àdírẹ́sì ímeèlì kan lójú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá ti ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ̀ tàbí ti ilé-iṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́, ètò kan ni kọ̀ǹpútà máa ń ṣí lójú ẹsẹ̀ kí onítọ̀hún lè kọ lẹ́tà rẹ̀ síbẹ̀. Ètò yẹn ni mo pààrọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé wa ní Ìbàdàn, èyí tó ń lo Windows 11. Thunderbird ni mo fi sípò rẹ̀, mo sì ti lò ó pẹ́ tó báyìí láti lè sọ ohun tí mo rí. Ètò náà wúlò gan-an fún ilé tí iná ìjọba ń ṣe ségesège, tí dátà sì wọ́n, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí òun bá ti fi í sórí kọ̀ǹpútà tán, iṣẹ́ ti parí. Ọ̀tọ̀ ni kí ètò wà lórí ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ̀rọ gbà pé ètò yẹn ni òun yóò máa pè. Ibi mẹ́ta ni wọ́n sì ti ń ṣe ìpinnu yẹn, láìjẹ́ pé ọ̀kan mọ ohun tí èkejì ń ṣe.

Ohun tó mú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ètò mìíràn kì í ṣe àṣírí. Mail, ètò kékeré tó máa ń bá Windows wá tẹ́lẹ̀, kógbá sílé ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024, láti ìgbà náà ni kò sì ti ṣeé fi gba lẹ́tà tàbí fi ránṣẹ́ mọ́. Outlook tuntun ni Microsoft fi rọ́pò rẹ̀. Outlook yìí mọ́ lójú, ó sì rọrùn fún ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ jẹ́ ti Microsoft, ṣùgbọ́n ìpolówó ọjà máa ń jókòó sáàárín lẹ́tà ẹni tí kò bá sanwó, bí ènìyàn bá sì so Gmail tàbí Yahoo mọ́ ọn, orí sáfà Microsoft, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé-iṣẹ́ fi ń tọ́jú lẹ́tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni àwọn lẹ́tà náà ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé ojú kọ̀ǹpútà. Àwọn kan kò rí ohun tó burú nínú èyí. Ní tèmi, mo fẹ́ kí lẹ́tà mi máa ti orí sáfà Google bọ̀ wá sílé tààrà, kí ó má yà síbòmíràn.

Thunderbird kì í ṣe ọmọ àná. Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde láti ọ̀dọ̀ Mozilla, àwọn kan náà tó ṣe Firefox, láti ọdún 2020 sì ni MZLA Technologies, ilé-iṣẹ́ kan tó wà lábẹ́ Mozilla Foundation, ti ń bójú tó o. Ọ̀fẹ́ ni. Owó tí àwọn tó ń lò ó bá fínnúfíndọ̀ dá ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìpolówó ọjà láàárín lẹ́tà ẹni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn a máa ṣí ojú ewé kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fi tọrọ ìtìlẹ́yìn. Ẹni tó bá rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, tí ohun gbogbo há mọ́ra wọn lójú rẹ̀, yóò rí i pé ẹ̀dà 115 tó jáde ní oṣù Keje ọdún 2023 ti tún un ṣe púpọ̀.

Fífi àkáǹtì sínú rẹ̀ kò le. Ènìyàn yóò kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀, ètò náà yóò sì wá sáfà tó yẹ fúnra rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Fún Gmail, fèrèsé kan láti ọ̀dọ̀ Google ni yóò ṣí. Ibẹ̀ ni a ó ti tẹ páswọ́ọ̀dù, tí a ó sì fọwọ́ sí i pé kí Thunderbird máa mú lẹ́tà wá. Páswọ́ọ̀dù náà kò dúró sínú Thunderbird, àṣẹ tí Google fún un ló ń lò. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Google ti ṣíwọ́ gbígba àwọn ètò àtijọ́ tó kàn ń gbé orúkọ àti páswọ́ọ̀dù lásán wá sẹ́nu ọ̀nà. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè bóyá IMAP tàbí POP3, ọ̀nà méjì tí ètò lè gbà mú lẹ́tà wá láti orí sáfà, IMAP ni kí ará ilé mú, nítorí ó ń fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí sáfà kí fóònù àti kọ̀ǹpútà lè máa rí ohun kan náà.

Wàyí o, kí á dé orí ìyípadà gan-an. Ibi àkọ́kọ́ ni Windows fúnra rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí Thunderbird bá ṣí, yóò béèrè bóyá a fẹ́ kí òun máa bójú tó ímeèlì. Ọ̀pọ̀ yóò tẹ "Set as Default", wọn yóò sì gbà pé ó ti bùṣe. Kò tíì bùṣe. Láti ayé Windows 8 ni Microsoft kò ti gbà kí ètò kan fi ara rẹ̀ jẹ oyè mọ́. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Ó ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ètò jàǹdùkú kì í tọrọ àṣẹ kí wọ́n tó já ipò gbà, àmọ́ ó dá kún iṣẹ́ ẹni tí kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Lórí Windows 10, ibì kan wà tí wọ́n kọ "Email" sí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ènìyàn yóò sì yan ohun tó fẹ́. Windows 11 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ó lọ sí Settings, ẹ ó wọ Apps, ẹ ó wọ Default apps, ẹ ó sì wá Thunderbird rí nínú àwọn orúkọ tó tò síbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, oríṣiríṣi nǹkan ni yóò hàn ní ìsàlẹ̀ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. MAILTO ni olórí wọn: òun ló máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn gbogbo àdírẹ́sì ímeèlì tó ṣeé tẹ̀ lójú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Thunderbird nínú fèrèsé tó bá jáde, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi .eml sílẹ̀. Lẹ́tà tí ènìyàn tọ́jú sórí kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí fáìlì ni .eml, bí a kò bá fi í fún Thunderbird, lẹ́tà tuntun yóò máa ṣí síbì kan, èyí tí a tọ́jú yóò máa ṣí síbòmíràn. Mo fún un ní .ics, ìyẹn fáìlì kàlẹ́ńdà, pẹ̀lú, torí pé kàlẹ́ńdà wà nínú Thunderbird. Àwọn yòókù tó wà níbẹ̀, ará ilé kò ní fi wọ́n ṣe nǹkan kan.

Ibi kejì ni Chrome tàbí Firefox, níbi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń rò pé Thunderbird ló bàjẹ́. Bí ènìyàn bá ti gbà fún Gmail rí nínú Chrome pé kó máa ṣí àdírẹ́sì ímeèlì, Chrome kò ní bi Windows léèrè nǹkan kan mọ́. Bí ọlọ́dẹ ẹnu-ọ̀nà tó ń gba lẹ́tà onílé láìjẹ́ kó wọlé ló ṣe ń ṣe. Ohun yòówù tí a bá yàn nínú Settings ti Windows, ojú ewé Gmail ni yóò máa ṣí. Láti gba àṣẹ yẹn padà, inú Settings ti Chrome fúnra rẹ̀ ni a ó lọ, sí Privacy and security, lẹ́yìn náà Site settings, kí a wá ibi tí wọ́n kọ "Protocol handlers" sí, kí a sì yọ Gmail kúrò níbẹ̀. Ti Firefox tètè yéni: nínú Settings rẹ̀, lábẹ́ General, ibi kan wà tó ń jẹ́ Applications, mailto sì wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè fi fún ètò tó bá wù ú.

Ibi kẹta kò kan ẹni tí kì í fi fáìlì ránṣẹ́ láti inú Word tàbí láti orí ojú kọ̀ǹpútà. Bí a bá fi apá ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì kan, tí a tẹ "Show more options", tí a sì mú "Send to", a ó rí "Mail recipient". Ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní MAPI ni iṣẹ́ yìí ń gbà, kì í sì í wo MAILTO rárá. Inú Thunderbird ni a ti ń tún èyí ṣe: Settings, General, System Integration, kí a tẹ "Check Now", kí a sì rí i pé a máàkì E-Mail. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀, ọmọ tó bá ń kọ iṣẹ́ àmúrelé nínú Word lè fi í ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ láìjáde kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ti wọ Windows létí kò nílò kó máa wá ojú ewé tó ní àdírẹ́sì kiri. Kó di bọ́tìnì Windows mú, kó tẹ R, kó kọ mailto: pẹ̀lú àmì (:) tó wà níparí rẹ̀, kó sì tẹ Enter. Fèrèsé òfìfo tí a fi ń kọ lẹ́tà yóò jáde, ètò tó bá sì gbé e jáde ni ó wà nípò. Bí Thunderbird bá jáde níbí, ṣùgbọ́n tí Gmail ń jáde nínú Chrome, a ti mọ ibi tí ẹjọ́ wà nìyẹn. Àwọn tó ń lo Mac ní tiwọn lọ́tọ̀: inú Settings ètò Mail ti Apple ni wọ́n ti sábà máa ń yan ètò mìíràn, èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, pé ọ̀dọ̀ ẹni tí à ń lé lọ ni a ti máa tọrọ ìwé ìlélọ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ni ènìyàn jẹ níbẹ̀? Ohun tó tóbi jù lójú mi ni pé lẹ́tà wà nílé. Thunderbird máa ń kó ẹ̀dà lẹ́tà wá sórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà bí dátà bá tán tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, mo ṣì lè wá lẹ́tà tí mo gbà lọ́dún tó kọjá, kí n ṣí ìwé tí wọ́n so mọ́ ọn, kí n sì kọ èsì. Èsì yẹn kò ní lọ lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá tẹ Ctrl, Shift àti Enter pa pọ̀, yóò dúró sínú Outbox títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi dé. Èkejì ni pé kì í gbé àwòrán tó wà lórí sáfà onílẹ́tà wá láìjẹ́ pé a tọrọ rẹ̀. Lẹ́tà àwọn oníṣòwò, tí àwòrán bàtà àti fóònù kún inú wọn bámúbámú, ń ṣí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, ìlà kan lókè sì ń sọ pé a ti dí àwọn àwòrán náà lọ́nà. Dátà dúró, ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ kò sì ní tipa àwòrán mọ̀ pé a ti kà á. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀ láìbàjẹ́, àfi pé ìlà pupa máa ń bọ́ sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá torí Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé atúmọ̀ tó bá a wá. Mo pa àyẹ̀wò sípẹ́lì yẹn, ojú mi sì balẹ̀.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí kò kéré. Bí ènìyàn bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wá, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá so mọ́ Gmail ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo lẹ́tà wálẹ̀, fódà tó ń jẹ́ All Mail yóò sì tún mú ọ̀pọ̀ nínú wọn wá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ń ra dátà kéékèèké gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ Account Settings, kó lọ sí Synchronization & Storage, kó sọ pé lẹ́tà ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá péré ni òun fẹ́, kó sì yọ All Mail kúrò lára fódà tó ń gbà. Kí ẹ sì kíyè sí i pé Account Settings yàtọ̀ sí Settings. Ìpín méjì yìí ń da ọ̀rọ̀ rú fún ẹni tuntun, n kò sì rí ìdí tí wọn kò fi pa wọ́n pọ̀. Bákan náà, pípa lẹ́tà rẹ́ kì í dá àyè padà sórí kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀, ó di ìgbà tí ètò náà bá fún fódà yẹn pọ̀ (Compact).

Fún kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé ń lò, ọ̀rọ̀ kan kù. Thunderbird ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀ tó ń jẹ́ Primary Password, ṣùgbọ́n àwọn páswọ́ọ̀dù tó wà nínú rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Kì í bo lẹ́tà tó ti wọlé mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn má kà á. Kí olúkúlùkù ní àkáǹtì Windows tirẹ̀ ló dára jù. Ètò tí a bá yàn fún MAILTO náà kì í kọjá àkáǹtì ẹni tó yàn án. Ìyàwó mi kò fẹ́ Thunderbird rárá: Gmail kan ṣoṣo ló ní, fóònù rẹ̀ ló ń gbà á sí jù, inú Chrome sì ni ó ti ń kọ lẹ́tà rẹ̀ bí ó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. N kò rọ̀ ọ́ láti yí padà, torí ohun tó ní ti tó o. Nínú àkáǹtì tirẹ̀, Chrome ni a fún ní MAILTO, Gmail sì ń ṣí fún un. Nínú tèmi, Thunderbird ni, kọ̀ǹpútà kan náà sì ni àwa méjèèjì ń lò.