Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta ìbọn "ínǹṣì 20" ní ọjà ìbọn Houston

Ẹ̀yin ọdẹ tí a jọ wà ní Texas, inú ń bí mi! Ọkùnrin kan lù mí ní jìbìtì. Ráífù .308 (nọ́ńbà irú ọta tó ń yìn) ló tà fún mi, dọ́là 900. Ó ní ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 20, ó sì na téèpù lé e lójú mi. Irọ́ ni! Irin gígùn kan tí wọ́n yí mọ́ ẹnu ìbọn ló kà mọ́ ọn. Nígbà tí mo tú u nílé, ínǹṣì 16 péré ló kù. Ínǹṣì mẹ́rin irin lásán, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ju ọta lọ, tí kò lè fi nǹkan kan kún eré rẹ̀!

Mo ti kọ́kọ́ ń bú àwọn tó ṣe ọta. Wọ́n kọ 2,820 sára páálí ọta mi oní-150 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta), ìyẹn iye ẹsẹ̀ bàtà tó ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta gbé 2,640 fún mi. Wọn ò purọ́. Ọ̀pá ínǹṣì 24 ni wọ́n fi ń dán .308 wò. Ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tó bá dín, eré bíi ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 25 ló ń bá a lọ, torí ọta á ti jáde kí agbára ẹ̀tù tó tán lẹ́yìn rẹ̀. Ìyókù á di iná àti ariwo lẹ́nu ìbọn. Ọkùnrin yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀!

Ẹnìkan ní kí n ti tú irin náà kí n tó sanwó. Ta ló ń tú ìbọn oníbọn káàkiri ọjà? Síbẹ̀, ó yẹ kí n bi í.

Ẹ rí i pé ìbọn ṣófo, ẹ ti bóòtì rẹ̀ (irin tó ń dé ẹ̀yìn ọ̀pá) pa, ẹ ti igi tín-ín-rín bọ ẹnu ọ̀pá títí á fi kan bóòtì, ẹ sàmì, ẹ wọn igi náà. Ẹ má ka irin ẹnu ìbọn tó ṣeé tú mọ́ ọ̀pá, àfi èyí tí wọ́n jó mọ́ ọn pa. Bí tèmi bá fi díẹ̀ dín sí 16 ńkọ́? Òfin ìjọba àpapọ̀ ò gba irú rẹ̀ láìforúkọsílẹ̀, èmi ni wọn ì bá mú, kì í ṣe òun! Ògún tó ni irin á bi í.

Gbogbo àwọn tó ń ta ìbọn ni mi ò gbà gbọ́ mọ́. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí n ti igi bọ ọ̀pá ìbọn rẹ̀ lójú ara rẹ̀, kó máa gbé e lọ.